Wharfedale Linton àti KEF LS50 Meta: èwo ló ń jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù, tí ẹsẹ̀ ṣì ń mì?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú sípíkà tí ẹ fẹ́ gbé wọlé, ẹ wá orin tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ gidi. Onílù á fún ọṣán, ohùn á gòkè. Á dẹwọ́, ohùn á wálẹ̀. Nínú ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Tí sípíkà bá da ohùn òkè pọ̀ mọ́ ti àárín, oríkì tí onílù ń kì á di ariwo lásán, ẹni tó gbọ́ èdè ìlù kò sì ní mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ohun tí à ń pè ní kúlẹ̀kúlẹ̀ nínú ohùn nìyẹn: kí gbogbo ohun tó wà nínú àwo jáde láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n sípíkà kan lè tú gbogbo ọ̀rọ̀ ìyáàlù palẹ̀ fún yín, kí omele, gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì máa dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé àwọn onílù náà kò rí ara wọn rí. Ìlù á yé yín, ijó ò ní wù yín. Àárín nǹkan méjì yìí la ti fẹ́ wo Wharfedale Linton àti KEF LS50 Meta. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọrin kò jọra rárá.

Linton ni ẹ kọ́kọ́ máa rí, nítorí pé ó tóbi. Àpótí tí wọ́n fi igi gidi bò lójú ni, bí irú èyí tó máa ń wà ní pálọ̀ àwọn bàbá wa: gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 565, fífẹ̀ rẹ̀ 300, jíjìn rẹ̀ 330, ẹyọ kan sì wúwo tó kílò 18.4. Wharfedale ṣe é láti fi sàmì ọdún 85 ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí wọ́n ti lò láti àwọn ọdún 1960. Ẹnu mẹ́ta ló ní. Wúfà oní-mílímítà 200 ń kọ láti ìsàlẹ̀ dé 630 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ẹni àárín tó jẹ́ mílímítà 135 gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ dé 2,400 Hz. Tuwítà oní-mílímítà 25 gba ìyókù. Ihò méjì wà lẹ́yìn tí atẹ́gùn ń gbà jáde, béèsì rẹ̀ sì dúró ṣinṣin dé 40 Hz. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì oní-okùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní 41 Hz, nítorí náà kò sí nótì tí onígìtá béèsì tẹ̀ tí Linton máa gbé mì.

LS50 Meta kéré, ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé e: mílímítà 302 ní gíga, 200 ní fífẹ̀, kílò 7.8. Ẹnu kan ṣoṣo lẹ máa rí níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni. Tuwítà wà láàrin kóònù oní-mílímítà 130 gan-an, bí ẹyinjú ṣe wà láàrin ojú. Uni-Q ni KEF ń pe ọgbọ́n yìí. Nítorí pé ojú kan náà ni ohùn gíga àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń jáde, ibi tí akọrin dúró sí máa ń hàn kedere, ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga náà kò sì ní pàdánù púpọ̀. "Meta" tó wà lórúkọ rẹ̀ tọ́ka sí pẹpẹ kékeré kan lẹ́yìn tuwítà, tó kún fún ọ̀nà tóóró-tóóró bí inú ilé ikán. Ohùn tó bá gba ẹ̀yìn tuwítà jáde ń kú sínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn dípò kó padà wá da ti iwájú láàmú. KEF ní ìdá 99 nínú 100 rẹ̀ ló ń parí síbẹ̀. Ní ti béèsì, 79 Hz ló ti ń dúró ṣinṣin. Tó bá fi máa dé 47 Hz, ó ti fi dB 6 rẹlẹ̀ (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó).

Inú agboolé kan náà ni méjèèjì ti wá. Gilbert Briggs ló dá Wharfedale sílẹ̀ ní 1932, nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Ilkley, ní Yorkshire. Raymond Cooke ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ kó tó lọ dá KEF tirẹ̀ sílẹ̀ ní Maidstone ní 1961. Briggs fẹ́ràn dùùrù gan-an; KEF ní tirẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà wọn ohùn sípíkà ní àwọn ọdún 1970. Títí di òní, ẹ ṣì lè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn nínú ohùn àwọn méjèèjì.

Áńpù kan náà la fi gbé wọn: Yamaha A-S501, tó ń fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wáàtì 85 lórí ohm 8 (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná). Ẹ má rò pé wáàtì 85 kéré nítorí pé ẹ ti rí "PMPO 5000W" lára páálí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. PMPO kì í ṣe ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè gbára lé. RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa fúnni láìdáwọ́dúró, ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tún wò ni bí sípíkà ṣe ń lo wáàtì náà sí. Fún iná kan náà, Linton ń mú dB 90 jáde ní mítà kan, KEF ń mú 85. dB 5 kò dà bí nǹkan lójú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí Linton bá ń jẹ wáàtì 10, KEF á jẹ bíi 32 kí ohùn wọn tó dọ́gba. Áńpù oní-wáàtì 40 á gbé Linton dáadáa. Ti KEF, á gbé e, àmọ́ á máa mí gúlegúle nígbà tí ìlù bá le. Ẹ ó mọ̀ tí áńpù bá ti kọjá agbára rẹ̀: ìlù á di pẹlẹbẹ, kò ní lu àyà mọ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa ha etí. Ẹ yí i sílẹ̀ kíákíá, nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ ló ń jó tuwítà.

Ohun kan tún wà nípa áńpù yìí. Ojú sípíkà A àti B wà lẹ́yìn rẹ̀. Agbára ìdènà iná sípíkà méjèèjì ń já dé bíi ohm 3.5 ní àwọn ibì kan, nítorí náà ẹ má tan A àti B pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Áńpù á gbóná, á sì pa ara rẹ̀.

Yàrá wá ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe, nítorí pé yàrá ló ń pinnu bóyá kúlẹ̀kúlẹ̀ á di adùn tàbí á di orí fífọ́. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá "12 by 12" tí gbogbo wa mọ̀, mítà 3.6 sí 3.6. Nínú ooru tiwa, ohùn ń rin bíi mítà 349 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín 349 sí ìlọ́po méjì gígùn yàrá, ìyẹn 7.2; ẹ ó rí bíi 48 Hz. Ibẹ̀ ni yàrá náà ti máa ń bú fúnra rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí gígùn àti ìbú ti dọ́gba, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń bú, ọ̀kan ń gun orí èkejì. Nótì G ìsàlẹ̀ lórí gìtá béèsì jẹ́ 49 Hz. Ìgbàkígbà tí onígìtá béèsì bá tẹ G yẹn, ilé á bú gbòò, gíláàsì fèrèsé á gbọ̀n. Tó bá bọ́ sórí nótì mìíràn, béèsì á rọlẹ̀ lójijì. Ọ̀pọ̀ á ní sípíkà ni kò dára. Yàrá ni.

Linton ní agbára kíkún ní 48 Hz, nítorí náà yàrá onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba á fìyà jẹ ẹ́. KEF ti ń rẹlẹ̀ kó tó débẹ̀, kò sì ní ru yàrá náà sókè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé "12 by 12" ló ní, LS50 Meta ni kó rà, ká tiẹ̀ má tíì sọ̀rọ̀ ohùn rárá. Ní pálọ̀ oní-mítà 4.8 sí 3.6 lọ sókè, ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba mọ́ (bíi 36 Hz àti 48 Hz), bíbú náà á pín, Linton á sì ráyè mí.

Òkè ohùn ló kàn. Ògiri bíríkì tí wọ́n rẹ́ dán, táìsì nílẹ̀, POP lókè, fèrèsé gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́: kò sí ohun tó ń gba ohùn mọ́ra níbẹ̀. Ẹ dúró láàrin yàrá, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá gbọ́ ìró kan tó ń sáré tíríríí lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà, irú ìró yẹn ló máa tẹ̀lé gbogbo agogo àti gbogbo "s" tó bá ti ẹnu akọrin jáde. KEF tó ń sọ òtítọ́ á dà bí ẹni tó ń pariwo nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tún un ṣe kò wọ́n: rọ́ọ̀gì tó nípọn, bíi mítà 2 sí 3, láàrin sípíkà àti àga, kọ́tìnì tó wúwo tí ẹ fà bo gbogbo fèrèsé, àga tìmùtìmù dípò àga oníláílọ́ọ̀nù, ibi ìkówèésí tó kún lẹ́yìn àga. Láti mọ ibi tí ohùn ti ń ta lára ògiri ẹ̀gbẹ́ wá sí etí yín, ẹ jókòó sí àyè yín kí ẹnì kan máa fa dígí lọ lára ògiri. Ibi tí ẹ bá ti rí tuwítà nínú dígí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé nǹkan rírọ̀ tó nípọn sí. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ oní-ínṣì 4 tí ẹ fi aṣọ dáadáa bò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè ṣe nǹkan kan sí béèsì. Kiréètì ẹyin tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò wúlò, ó fẹ́lẹ́ jù. Tí iná bá sì ṣẹ́yọ, epo ni.

Gbígbé sípíkà sí àyè rẹ̀ kò náni lówó, ó sì ń yí ohùn padà ju pípààrọ̀ wáyà lọ. Ẹ fi mítà 2 sí àárín sípíkà méjèèjì, kí àga yín sì jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi mítà 2.2. Kí tuwítà bá etí yín dọ́gba nígbà tí ẹ bá jókòó, ìyẹn láàrin sẹ̀ǹtímítà 90 sí 100 lórí ọ̀pọ̀ àga. Fún Linton, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 50 sí ògiri ẹ̀yìn. Ẹ lo orin kan tí gìtá béèsì ti ń rin láti nótì dé nótì, kí ẹ máa fà á síwájú tàbí sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 5-5. Bí nótì kan bá ń yọ sókè ju àwọn tó kù, ẹ fà á síwájú. Bí orin bá ti di tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í padà. Níbi tí gbogbo nótì bá ti dọ́gba, ẹ fi tépù sàmì sílẹ̀. KEF fara da ògiri dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 30 ti tó, ògiri náà á sì bá a tì béèsì lẹ́yìn díẹ̀. Tí béèsì ṣì pọ̀, ẹ ká ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ kan sínú ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má kì í wọ inú, ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́nu ihò ni.

Ní ti aṣọ iwájú, ti Linton ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n ṣe é mọ́ ọn ni, etí àpótí á yọ jáde tí ẹ bá ṣí i, òkè ohùn á sì le díẹ̀.

A wá dé ọ̀dọ̀ orin fúnra rẹ̀. Nínú jùjú, níbi tí gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń hun ara wọn bí òwú aṣọ òkè, LS50 Meta ń ṣe ohun tó yani lẹ́nu. Gìtá ọ̀tún, gìtá òsì, àti èyí tó kàn ń fi nótì méjì pere dáhùn lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó tirẹ̀. Ẹ lè ka iye ọwọ́ tó ń gbá agogo. Ẹ ó gbọ́ nígbà tí akọrin bá mí kó tó gbé orin. Ní ti ìyáàlù, gbogbo ohùn tó wà láàrin dò, re àti mí ló ń jáde mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀. Kò sí sípíkà ní iye owó yìí tí a lè fi ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ibi tó ti kùnà ni ara ìlù. Ìlù ní ohùn, ó sì tún ní ara: afẹ́fẹ́ tó ń ti inú igi rẹ̀ jáde tó ń bá àyà ẹni. KEF ń fún yín ní ọwọ́ tó bọ́ sórí awọ, kì í fún yín ní igi náà tán.

Ti Linton yàtọ̀. Ẹ gbé àpàlà sí i, irú ti Haruna Ishola, níbi tí agídìgbo ti ń ṣe béèsì. Ẹ máa gbọ́ tí àpótí agídìgbo ń dún *gbìn*, tí pẹpẹ irin rẹ̀ sì ń gbọ̀n lẹ́yìn ìgbà tí ìka ti kúrò. Ohùn àgbà akọrin wà ní ìdúró, ó ní àyà, kì í ṣe ọ̀fun nìkan. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnu àárín kan ṣoṣo ló ń gbé ohùn láti 630 dé 2,400 Hz, wúfà ńlá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò ní láti fi ipá ṣiṣẹ́. Kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ kò kéré bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ó kàn jẹ́ pé kì í gbé e síwájú orin. Ẹ tẹ́tí sí gìtá kẹta, ẹ ó rí i, ṣùgbọ́n kò ní fa etí yín lọ síbẹ̀. Nínú Afrobeat tó gùn tó ìṣẹ́jú 15, tí béèsì kan ń yí po tí kò yí padà, bí ó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn: ara á kọ́kọ́ gbà á, etí á wá máa rí nǹkan tuntun díẹ̀díẹ̀. Fújì ni ìdánwò tó le jù. Ìlù pọ̀, wọ́n gbà á sílẹ̀ gbígbóná, ohùn akọrin sì le. Lórí KEF, ní ohùn gíga, ó máa ń rẹ etí láàrin wákàtí kan. Lórí Linton, àwo á parí, ẹ ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Fún ìdí yìí, Linton ni a ó gbé sí pálọ̀ tí àyè bá wà. Ohun tí a ń wá nínú ẹ̀rọ orin ilé ni kí a lè gbọ́ àwo dé òpin rẹ̀, kí a sì tún fẹ́ gbé òmíràn sí i. LS50 Meta ń borí ní yàrá kékeré, lórí tábìlì iṣẹ́, àti fún ẹni tó ń kọ́ orin tàbí tó ń tú ìlù kọ sílẹ̀, nítorí pé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdáhùn gìtá kejì ni iṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tàn ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Etí èèyàn ń ka ohùn tó fi díẹ̀ ga sí ohùn tó dára jù. Tí wọ́n bá kàn yí bọ́tìnì láti A sí B láìyí VOLUME, Linton á fi dB 5 ga ju KEF lọ, ìdájọ́ yín ti bàjẹ́. Ẹ fi áàpù ìwọ̀n ohùn tó wà lórí fóònù gbé méjèèjì sí dB 75 níbi àga kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra. Ohun kejì: ìṣẹ́jú 5 máa ń gbè lẹ́yìn kúlẹ̀kúlẹ̀. Sípíkà tí tirẹ́bù (ohùn òkè) rẹ̀ yọ sókè á dà bí ẹni pé ó ń fi nǹkan tuntun hàn yín, ẹ ó sanwó, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ẹ ó máa yí i sílẹ̀ láìmọ ìdí. Ẹ mú orin tiyín lọ, orin tí ẹ mọ̀ bí ẹní mowó, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó fún wákàtí kan.

Ní alẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, adùn orin sábà máa ń sá lọ, nítorí pé etí wa kì í gbọ́ béèsì dáadáa nígbà tí ohùn bá kéré. Yamaha yìí ní bọ́tìnì LOUDNESS tí ọ̀pọ̀ ń lò lódìlódì. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí: ẹ fi LOUDNESS sí FLAT. Ẹ yí VOLUME dé ibi tó ga jù tí ẹ lè gbọ́ orin dé nínú ilé. Ẹ fi VOLUME sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá máa fi LOUDNESS dín ohùn kù. Bó ṣe ń dín ohùn kù, àárín ló ń mú wálẹ̀ jù, béèsì àti tirẹ́bù á ṣẹ́ kù, orin á sì pé bó ṣe wà lọ́sàn-án. Tí bọ́tìnì PURE DIRECT bá wà ní títẹ̀, LOUDNESS, BASS àti TREBLE kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń rò pé bọ́tìnì wọn ti bàjẹ́. Àwọn kan á ní kò yẹ kéèyàn fọwọ́ kan TREBLE. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Tí KEF bá wà nínú yàrá táìsì, ẹ mú TREBLE wálẹ̀ díẹ̀, bí aago 11. Orin ni ẹ rà á fún.

Ẹni tó bá fẹ́ fún KEF ní ara tó ṣàìní lè fi sọ́ọ̀bù-wúfà kún un láti ojú ìjáde SUBWOOFER. Ẹ gé e sí bíi 70 Hz, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ máa gbé e sókè títí ẹ ó fi ṣàkíyèsí rẹ̀, kí ẹ wá mú un wálẹ̀ díẹ̀. Áńpù yìí kò gé béèsì kúrò lọ́dọ̀ KEF fúnra rẹ̀ o. Sípíkà kékeré náà ṣì ń gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà kò ní torí ìyẹn lè pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fáìlì tí ẹ ń gbé sí i náà ṣe pàtàkì. Orin àtijọ́ wa púpọ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ èyí tí wọ́n gbà láti orí àwo tó ti ha, tí wọ́n sì fún pọ̀ sí MP3 128 kbps. Níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí omi tó kán sínú epo gbígbóná. LS50 Meta á fi gbogbo rẹ̀ hàn yín, kò ní ṣojúsàájú. Linton á bò ó díẹ̀. Ẹ wá 320 kbps, FLAC (fáìlì tí kò gé ohunkóhun kúrò nínú orin), tàbí àwo fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ àwo, ẹ so wáyà tín-ín-rín ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ojú GND lẹ́yìn áńpù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, *húúún* lẹ ó máa gbọ́ lábẹ́ gbogbo orin.

Wáyà sípíkà kò gbọdọ̀ gba owó púpọ̀. Bàbà gidi oní-2.5 mm² ti tó fún mítà 5. Ẹ ṣọ́ra fún alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bo lójú: ẹ fi ọ̀bẹ ha á, tó bá funfun nínú, ẹ dá a padà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí ẹ bá ṣi ẹ̀gbẹ́ kan so, ohùn akọrin kò ní dúró láàrin mọ́, béèsì á sì pòórá. Òògùn rẹ̀ kò ju yíyí wáyà méjì padà lọ. Bí àwọ̀ wáyà bá ti parẹ́, ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn áńpù, kí ẹ fi bátìrì 1.5 V kan án fírí: bí wúfà bá yọ síta, wáyà tó wà lórí ojú + bátìrì ni pupa.

Iná wá ni ìṣòro tiwa. Ínfátà tí wọn kò kọ "pure sine wave" sí lára á jẹ́ kí irin inú áńpù máa kùn, ariwo náà á sì bo gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ tí ẹ sanwó fún. Kí ẹnikẹ́ni tó yí "changeover" láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀, ẹ pa áńpù. Tí àbúrò yín bá fẹ́ rà á wá láti Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún un pé kó má ra áńpù níbẹ̀: ti wọn jẹ́ fọ́ltì 120, iná wa jẹ́ 230, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tì í bọ iná ló máa jó. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní wàhálà. Sípíkà méjèèjì yìí kì í jẹ iná ògiri, ibi tó bá wù yín lẹ lè ti rà wọ́n. KEF méjì jẹ́ kílò 15.6 láìsí páálí, wọ́n lè wọ inú ẹrù ọkọ̀ òfuurufú oní-kílò 23. Linton méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 37. Ẹ fi ọkọ̀ ojú omi kó o, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi páálí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ ro èyí mọ́ ọn: LS50 Meta kì í bá aṣọ iwájú wá, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tà á. Ìka ọmọ ọdún méjì á rí ojú kékeré tó wà láàrin yẹn, á sì lọ tààrà síbẹ̀. Ẹ ra aṣọ náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ra sípíkà. Eruku ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ ó fi gbá a kúrò lára kóònù, láti àárín lọ sí etí. Ẹ má fi aṣọ tútù kàn án, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku sún mọ́ ọn.